Màmá Bàdágírì Ti Gbàgbé Yorùbá

   Láti Gbàgádà ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀, nínú yàrá kékeré wa tí a fi fóòmù bo ògiri rẹ̀. Bí ẹ bá ń gbọ́ ìró kan lábẹ́ ohùn mi, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò wa ni. Mo bẹ̀ ẹ́ kó pa á fún ogún ìṣẹ́jú péré, ó ní òun náà fẹ́ wo bọ́ọ̀lù. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á lẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí n tó wọ inú ọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè. Kí lẹ ń pe ibùdókọ̀ tó wà létí ọ̀nà márosẹ̀ wa yìí, lápá Bàrígà? Ní oṣù keje ọdún 2025, ìjọba ìdàgbàsókè Bàrígà kéde pé kò ní í jẹ́ Charly Boy mọ́, pé Baddo ni yóò máa jẹ́, nítorí Ọlámídé olórin tó jẹ́ ọmọ Bàrígà. Ariwo sọ. Àwọn kan ní torí pé ọmọ Igbo ni Charly Boy ni wọ́n ṣe yọ ọ́. Àwọn kan ní ọmọ àdúgbò ló yẹ kó jẹ orúkọ àdúgbò. Kọ́ńdọ́ tó gbé mi lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá ò bá wọn dá sí i rárá. "Charly Boy, Charly Boy, ẹ mú ṣéńjì yín dání o!" Bẹ́ẹ̀ ló ń pariwo. Ìjọba lè pààrọ̀ pátákó lóòjọ́. Ẹnu èèyàn ló máa ń pẹ́.

Ọ̀rọ̀ ẹnu ni mo sì fẹ́ sọ lónìí. Ẹnu ìyá ìyá mi.

Màmá Bàdágírì là ń pè é nílé wa. Ọmọ Àjídó ni, létí ọ̀sà, Ègùn pọ́ńbélé. Àwọn fúnra wọn ń pe ara wọn ní Ogu. Ègùn ni orúkọ tí àwa Yorùbá fún wọn, ó sì ti mọ́ gbogbo ayé lẹ́nu débi pé ìyá mi gan-an ń lò ó. Bí wọ́n ṣe ń pè é nínú ilé wa ni n ó ṣe pè é nínú ètò yìí. Ẹ̀yin ọmọ Ogu tó bá dùn, ẹ forí jì mí.

Màmá ta ẹja gbígbẹ ní Òyìngbò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ ò rí Yorùbá lẹ́nu rẹ̀! Ó mọ owe, ó mọ èébú, ó lè fi oríkì dá oníbàárà dúró, ó sì lè fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lé e lọ. Bí kò bá sọ fún ọ pé Ègùn ni òun, o ò lè mọ̀. Láti kékeré, Yorùbá ni èmi àti òun ń sọ. Èmi kò gbọ́ Ègùn. Bí mo bá kí ènìyàn, tí mo sì dárúkọ oúnjẹ mẹ́ta mẹ́rin, ó ti tán nìyẹn.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu Màmá. A gbé e sáré kiri, Ọlọ́run bá wa ṣe é, kò kú. Ẹsẹ̀ òsì kò padà bọ̀ sípò, ṣùgbọ́n lẹ́yìn bí oṣù mẹ́ta, ọ̀rọ̀ padà sí i lẹ́nu. Ègùn ló padà. Yorùbá ò bá a padà. Bí mo bá kí i, á wò mí tàánútàánú, bí ẹni tí àlejò ń bá sọ̀rọ̀ láti òdìkejì odò. Dókítà ní òun ti rí irú rẹ̀ rí, pé nígbà mìíràn èdè tí ènìyàn kọ́kọ́ fi mumú ló máa ń ṣẹ́kù. Ó sọ ọ́ bí ọ̀rọ̀ ìwòsàn, ó sì lọ rí aláìsàn mìíràn. Èmi dúró síbẹ̀. Ìyá àgbà mi wà láàyè, ó ń sọ̀rọ̀, mi ò sì gbọ́ ohun tó ń sọ.

Mo bi ìyá mi pé kí ló dé tí wọn ò kọ́ wa. Wọ́n ní, "Kí n kọ́ yín kí wọ́n lè máa fi yín ṣẹ̀fẹ̀ nílé ìwé?" Mi ò rí ìdáhùn fún un, torí mo rántí. Nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo lọ, ọmọ tí Yorùbá rẹ̀ bá kọsẹ̀ díẹ̀, "Ègùn" ni a ń pè é. Èmi náà pe èèyàn bẹ́ẹ̀. Bàbá mi, ọmọ Ìjẹ̀bú, kò lòdì sí Ègùn o, kò kàn ronú kàn án ni. Ó rò pé Yorùbá ni gbogbo wa.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá wa bọ̀ á rántí ètò tí mo ṣe ní oṣù kọkànlá ọdún 2025. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù náà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Túnjí Aláúsá, kéde ní Àbújá pé ìjọba àpapọ̀ ti wọ́gi lé ètò èdè abínibí, pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọn yóò máa fi kọ́ ọmọ láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé yunifásítì. Ètò tí wọ́n pa yẹn, ọdún 2022 ni ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà fọwọ́ sí i, nígbà tí Adamu Adamu wà níbẹ̀: kí wọ́n fi èdè àdúgbò ọmọ kọ́ ọ ní gbogbo ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó bá lò nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọdún mẹ́ta péré ló lò láyé. Ìdí tí mínísítà mú wá ni pé àwọn agbègbè tó ń lo èdè abínibí jù ni wọ́n ń fìdí rẹmi jù nínú ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB.

Inú bí mi lọ́jọ́ náà débi pé mo fọwọ́ gbá tábìlì, ẹ sì gbọ́ ọ. Mo mú ọ̀rọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá wá, ẹni tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan lọ́dún 1970: wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ yẹn kò rẹ̀yìn sí àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, wọ́n tún ṣe dáadáa jù wọ́n lọ, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Mo ní ọmọ tó jókòó ṣe WAEC lọ́dún 2025 ti kúrò nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí ètò ọdún 2022 tó dé, báwo ló ṣe wá jẹ́ ètò náà ló ba ìdánwò rẹ̀ jẹ́? Mo ṣì dúró lórí èyí. Ẹ pín ètò náà káàkiri, mo sì dúpẹ́.

Olùgbọ́ wa kan láti Àjárá, ní Bàdágírì, wá fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ó kí mi dáadáa. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ ṣeun. Ìbéèrè kan ni mo ní. Èdè abínibí ta ni ẹ ń sọ? Ọmọ mi gbé ìwé Yorùbá bọ̀ láti ilé ìwé, èmi ni mo ń kọ́ ọ. Èmi fúnra mi, ọjà ni mo ti kọ́ Yorùbá." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì dágbére.

Mi ò lè sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Lọ́dún 2018, Gómìnà Akínwùmí Àḿbọ̀dé fọwọ́ sí òfin kan ní ìpínlẹ̀ Èkó láti dáàbò bo èdè Yorùbá kí ó sì gbé e lárugẹ. Òfin náà sọ Yorùbá di dandan nílé ìwé ìjọba àti ti aládàáni, ó sì ní ìjìyà nínú fún ilé ìwé tó bá kọ̀. Nígbà náà, mo yọ̀. Mo ṣì ń yọ̀ títí di òní, n kò ní í tan yín jẹ. Ní Gbàgádà níbí, mo mọ ilé tí bàbá àti ìyá ti ń bá ara wọn jà ní Yorùbá, tí wọ́n sì ń bá ọmọ sọ Gẹ̀ẹ́sì. Ìlú tí Yorùbá ń kú lọ lẹ́nu ọmọ Yorùbá nílò òfin bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n orúkọ èdè kan ṣoṣo ló wà lára àkọlé òfin náà, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe èdè kan ṣoṣo ni àwọn onílẹ̀ Èkó ń sọ. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Èkó sọ ọ́ di àṣà láti máa fi Yorùbá jókòó ní Ọjọ́bọ̀, ó sì dára. Ìpín 97 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ló fún wọn láyè. Mo lọ ka ìpín náà. Ohun tó sọ ni pé ilé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ lè fi èdè kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, lára àwọn èdè tí wọ́n ń sọ ní ìpínlẹ̀ náà, kún Gẹ̀ẹ́sì. Kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìpín 55, tó wà fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀, ló dárúkọ Hausa, Igbo àti Yorùbá pé àwọn nìkan ni. Ti ìpínlẹ̀, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Ìtàn wá dá kún un. Bàdágírì ni Thomas Birch Freeman ti wàásù lọ́dún 1842. Ibẹ̀ ni àwọn Mẹ́tọ́díìsì dá ilé ìwé sílẹ̀ lọ́dún 1843, èyí tí a ń pè ní àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ibẹ̀ ni ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àwọn CMS wà láti 1845, ibẹ̀ sì ni Samuel Àjàyí Crowther dúró sí, tó ń ṣiṣẹ́ lára ìtumọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, kó tó kọjá sí Abẹ́òkúta. Ẹ fara balẹ̀ wò ó. Lórí ilẹ̀ Ègùn ni a ti jókòó ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ tó sọ Yorùbá di èdè ìwé. Mo ti lọ síbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ kíláàsì mi nígbà tí mo wà ní girama, a ya fọ́tò níwájú ilé náà. Kò sí ẹni tó sọ fún wa irú èdè tí àwọn tó gbà wọ́n lálejò ń sọ.

Lọ́dún 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fa ìlà ààlà sáàárín. Ìlà náà la ilẹ̀ Ègùn sí méjì: Bàdágírì bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Àjàṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo, bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Ó la Yorùbá náà. Àwọn ará Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Pòbẹ̀ wà lọ́hùn-ún títí di òní. Kétu tó wà lọ́dọ̀ wa níbí, ní Kósọ̀fẹ́, orúkọ kan náà ni òun àti Kétu yẹn ń jẹ́. Àwa ni èèyàn kékeré lọ́hùn-ún, Faransé sì ni èdè ìjọba. Bí ẹnì kan bá sọ pé kí ọmọ Kétu gbàgbé Yorùbá nítorí pé Fọ̀n ló pọ̀ jù, ariwo tí a máa pa láti Ìbàdàn dé London kò ní í kéré. Ìwé òfin Benin ti ọdún 1990, nínú ìpín kọkànlá, sọ pé gbogbo ẹ̀yà tó para pọ̀ di orílẹ̀-èdè náà ló lómìnira láti lo èdè wọn, ní ẹnu àti ní kíkọ. Orí ìwé ni o, ó dá mi lójú pé orí ilẹ̀ yàtọ̀. Síbẹ̀ wọ́n kọ ọ́.

Mo lérò pé ẹ ń sọ nínú ọkàn yín pé, "Ó dáa, kí wọ́n wá kọ́ Ègùn ní Bàdágírì, kí ló ṣòro níbẹ̀?" Ó ṣòro díẹ̀. Kíkọ rẹ̀ nìkan, ọ̀nà méjì ni. Ní Benin, lẹ́tà bíi ɛ, ɔ àti ɖ ni wọ́n ń lò nílé ẹ̀kọ́. Bíbélì Ègùn, tí àwọn ìyá wa ń gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ àti ọ onísàmì bíi tiwa ló ń lò. Olùkọ́ ńkọ́? Ìwé kíkà ńkọ́? Ọ̀jọ̀gbọ́n Hounkpati Capo, ọmọ Benin tó kọ́ni ní Yunifásítì Ìlọrin, ti ṣe iṣẹ́ ńlá lórí Ègùn àti àwọn ìbátan rẹ̀, Fọ̀n, Ewe, Ajá, àti àwọn tó kù. Òun ló mú orúkọ "Gbè" wá fún gbogbo wọn, torí gbè ni ohùn, gbè ni èdè, lẹ́nu wọn. Nítorí náà ìmọ̀ wà nílẹ̀. Owó àti ìfẹ́ ni kò sí, ẹ sì mọ̀ pé èyí àkọ́kọ́ máa ń tẹ̀lé èkejì.

Ẹ jẹ́ kí n má ba ìjọba wí tán kí n tó dé orí ara mi.

Ní bí oṣù kan lẹ́yìn ètò tí mo fi gbá tábìlì yẹn, iṣẹ́ kan wọlé fún wa ní sítúdíò. Oníbàárà kan, n kò ní í dárúkọ rẹ̀, fẹ́ ìkìlọ̀ oníṣẹ́jú kan lórí àrùn onígbáméjì, kí wọ́n máa gbé e káàkiri àwọn àdúgbò tó wà létí omi. Èdè márùn-ún ni: Gẹ̀ẹ́sì, Píjìn, Yorùbá, Igbo, Hausa. Etí omi, ẹ gbọ́ mi? Mákòkò, tí ẹ máa ń rí láti orí Third Mainland bí ẹ bá ń lọ sí Ìsàlẹ̀ Èkó. Mo rọra béèrè pé Ègùn ńkọ́. Ẹni tó rán wọn níṣẹ́ wo fóònù rẹ̀, ó ní, "Àh, àwọn yẹn náà gbọ́ Yorùbá."

Mo dákẹ́.

Màmá wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní Àjídó, tí kò gbọ́ Yorùbá mọ́, mo sì dákẹ́. Owó iṣẹ́ náà ló san owó iná wa oṣù yẹn. Mo ṣe é, ó dùn ún gbọ́, wọ́n gba tiwọn, wọ́n lọ. Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo tó rò ó pé ọ̀rọ̀ tí bàbá mi máa ń sọ nìyẹn, pé Yorùbá ni gbogbo wa. Bí èyí ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyí: o gbọ́ èdè wa, nítorí náà o kò nílò tìrẹ. Níkẹyìn, á di pé o kì í ṣe ọmọ ibí. Ẹ rántí Òtòdó Gbàmẹ̀ ní Lẹ́kí, àdúgbò apẹja Ègùn, tí wọ́n wó láàárín oṣù kọkànlá 2016 sí oṣù kẹrin 2017. Ilé ẹjọ́ gíga Èkó sọ ní oṣù kẹfà 2017 pé lílé tí wọ́n lé wọn bẹ́ẹ̀ tàbùkù bá ènìyàn, kò sì bófin mu. Ìdájọ́ dé, ilé ò sí níbẹ̀ mọ́. Nígbà náà, lójú ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́, mo gbọ́ tí àwọn èèyàn ń sọ nínú ọkọ̀ pé àwọn ará Kùtọnu ni wọ́n, kí wọ́n máa lọ sílé. Mi ò dá sí ìyẹn náà.

Lẹ́yìn ọdún tuntun, mo gbé ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ mi, mo lọ sí Àjídó. Ẹ mọ ọ̀nà Bàdágírì, n kò ní í fi ṣòfò àkókò yín. Mo jókòó ti Màmá, mo tan ẹ̀rọ. Mo ń bi í ní ìbéèrè ní Yorùbá nítorí pé n kò ní èdè mìíràn, òun náà ń dá mi lóhùn ní Ègùn, a ń ṣe é lọ bẹ́ẹ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú ó lé díẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín nígbà méjì. Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀, mi ò mọ ohun tó pa wá lẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mo dé, mo fi í sí etí ìyá mi ní ṣọ́ọ̀bù wọn. Wọ́n ń túmọ̀, èmi ń kọ. Ọ̀rọ̀ nípa ọkọ̀ ojú omi kan. Ọ̀rọ̀ nípa ẹnì kan tó jẹ Màmá ní gbèsè ẹja láti ayé ìgbà kan. Ó dárúkọ gbogbo àwọn ọmọ rẹ̀, ó fi ti àwọn tó kú kún un. Lẹ́yìn náà ni ìyá mi dákẹ́. Wọ́n ní kí n dá a padà sẹ́yìn. Mo dá a padà. Wọ́n tún ní kí n dá a padà.

Mo ní, "Kí ni wọ́n sọ, Mọ́mì?"

Wọ́n ní, "Wọ́n ń bi mí ni. Wọ́n ní, ọmọ ta nìyí tó ń fi èdè ọjà bá mi sọ̀rọ̀?"

A kò parí ìtumọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n láti alẹ́ náà ni ìyá mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi Ègùn pè mí wá jẹun. Bí mo bá dáhùn ní Yorùbá, wọn kì í bu ọbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mí o, ẹ má rẹ́rìn-ín.

Ìyá kan wà ní òpópónà wa níbí tó ń ta ẹ̀wà àgànyìn láràárọ̀. Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń ra ẹ̀wà lọ́wọ́ wọn, mo rò pé ará Tógò ni wọ́n. Láìpẹ́ yìí mo gbọ́ tí wọ́n ń bá ọmọ wọn wí, mo sì gbọ́ ọ̀rọ̀ méjì tó yé mi nínú rẹ̀. Mo fi ìwọ̀nba tí mo gbọ́ kí wọn. Wọ́n fi ìkòkò sílẹ̀, wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. Ọmọ Àjàṣẹ́ ni wọ́n. Mo sọ fún wọn nípa ìkìlọ̀ onígbáméjì yẹn, wọ́n sì gbà láti wá sí sítúdíò lọ́sàn-án Àbámẹ́ta, nígbà tí ẹ̀wà bá tán. Ìyá mi ló túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà. Àwọn méjèèjì jà lé e lórí fún wákàtí kan, torí wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan tí ìyá mi lò, ti Bàdágírì ni, àwọn ará Àjàṣẹ́ kì í sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ìyá mi ní inú omi Èkó ni wọ́n fẹ́ gbé e lọ, kì í ṣe Àjàṣẹ́. Wọ́n yanjú ẹ̀. N kò mọ bí wọ́n ṣe yanjú ẹ̀, Ègùn ni wọ́n fi yanjú ẹ̀.

Ìkìlọ̀ náà ló ń bọ̀ yìí, ìṣẹ́jú kan ni. Mi ò gba owó lórí rẹ̀, ẹnikẹ́ni lè mú un. Bí ẹ bá mọ ẹnì kan ní Mákòkò, ní Bàdágírì, ní ibikíbi tí omi wà, ẹ fi ránṣẹ́ sí wọn. Ẹ̀yin tó kù tí ẹ kò gbọ́ Ègùn, ẹ má bínú, a kò ní í túmọ̀ rẹ̀.